Ọjọ́ Tí A Ru Ilẹ̀kùn Wa Lọ sí Kánsù

Ní ìgbà òjò kejì lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí àsíá tuntun tó wà níwájú ọ́fíìsì kánsù ní Warri kò tíì ṣá, wọ́n lẹ ìwé orúkọ àwọn olùdìbò mọ́ ògiri, kò sì sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo láti àdúgbò wa nínú rẹ̀. Èmi ni mo fà á. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba lẹ́ẹ̀kan rí, nínú àgbàlá kánsù náà, lójú ọlọ́pàá àti lójú àwọn obìnrin tó ru ilẹ̀kùn. Mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé ìlú yìí lónìí, torí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti gbé orí omi rẹ̀ rí.

Ilé mẹ́rìndínlógójì ni wá, létí odò, lọ́nà tí ẹ ń gbà lọ sí Ubeji. Ilé iṣẹ́ ìfọpo kò tíì sí níbẹ̀ nígbà náà. Pákó ni a fi kọ́ àwọn ilé náà, orí òpó ni wọ́n dúró sí, omi ń kọjá lábẹ́ wọn. Láti ẹ̀bá òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni àwọn òbí wa ti wá. Àwọn ọkùnrin a máa wọ ọkọ̀ lọ pẹja, wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé. Àwọn obìnrin a máa yan ẹja lórí ààrò, wọn a sì máa gbé e lọ tà ní ọjà Igbudu. Èéfín ẹja náà kò jẹ́ kí ohunkóhun funfun pẹ́ ní ilé wa. Ògiri dúdú, àjà dúdú, ilẹ̀kùn dúdú bíi kóró iṣin.

Ilẹ̀kùn ló ṣe iyebíye jù nínú ilé. Bí omi bá jẹ òpó ilé kan, tí onílé náà ní láti ṣí lọ síbòmíràn, ilẹ̀kùn ni a kọ́kọ́ máa ń yọ, òun ni a kọ́kọ́ máa ń gbé sínú ọkọ̀. A lè jó pákó ògiri, a lè ra òmíràn. Ilẹ̀kùn ìyá ìyá mi ni ìyá mi gbé wá láti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ìdí nìyí tí àwa kì í fi í fi ìṣó kan àgbékọ́ pa. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a máa ń fi há a, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yọ kò ní lò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo jẹ́ ọmọbìnrin, ọmọ ogún ọdún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama ni, èmi nìkan ni mo sì kàwé dé ibẹ̀ ní àdúgbò wa. Wọ́n ń pè mí ní Tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́jọ péré ni mo ń kọ́ ní A, B, D nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìwé bá ti dé, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún. Ohun tí mo bá ní ó wà níbẹ̀ náà ni wọ́n gbà pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ ọjà Igbudu kan ni ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ kékeré wá sọ́dọ̀ wa. Ó gbé agolo ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì dání. Àwọn ọkùnrin wà lójú omi, àwọn obìnrin wà lọ́jà. Èmi, àwọn arúgbó mẹ́ta àti àwọn ọmọdé la wà nílé. Mo wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ ojú fèrèsé. Ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì lórí afárá pákó wa, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Ó kan tiwa náà. Mi ò dáhùn. Ó ti bébà kan sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọ nọ́ńbà, ó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi dáhùn. Ní ọdún méjì ṣáájú, àwọn wolé-wolé ti fi ọ̀dà sàmì sára ilé mẹ́sàn-án ní òdì kejì odò. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi wó gbogbo wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo mú bébà náà, tí mo ka ìlà àkọ́kọ́, tí mo rí i pé ìkéde láti kánsù ni, mo ní ó tán. Mi ò ka èyí tó kù. Mo ká a, mo fi há ara ògiri.

Nígbà tí àwọn obìnrin dé láti ọjà, wọ́n péjọ síwájú ilé wa. Ìyá Rúùtù ló ṣáájú wọn, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń dé òdì kejì odò láìlo agbára.

“Tíṣà, kí ni èyí tí wọ́n kọ sára wa?”

“Àmì wolé-wolé ni, Ìyá,” ni mo dá a lóhùn. “Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kí ó tó gbẹ. Bí wọ́n bá padà wá, wọn ò ní mọ ilé tí wọ́n sàmì sí.”

Wọ́n fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ha á títí pákó fi yọ. Inú mi dùn bí mo ṣe ń wò wọ́n. Mo rò pé mo ti gba ilé mẹ́rìndínlógójì là.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo lọ ra ṣọ́ọ̀kì fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìgboro, tí mo sì rí èrò níwájú ògiri kánsù. Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni wọ́n ń kà. Ìbò kánsù ń bọ̀. Àwọn méjì ló ń du àga àdúgbò wa. Ọ̀kan jẹ́ oníṣòwò gẹdú tó ti sọ fún gbogbo ayé pé bí òun bá wọlé, òun yóò palẹ̀ etí odò mọ́ fún ilé ìkẹ́rùsí. Èkejì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan láti Ekurede-Urhobo, ọmọ Urhobo tó ń kọ́ ọmọ Urhobo, Itsekiri, Ijaw àti tiwa pọ̀. Òun ní ẹnì kankan kò gbọdọ̀ wó ilé wa. Gbogbo wa ló mọ ẹni tí a máa dìbò fún.

Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún un kà. Orúkọ kankan láti àdúgbò wa kò sí níbẹ̀.

Mo wọlé lọ bá akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì. Bí mo ṣe fojú kàn án ni mo ti mọ̀ pé òun ni ọkùnrin ọlọ́dà. Ìjẹ̀bú ni, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ ni wọ́n ń pè é. Nígbà náà, abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ni Warri ṣì wà, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba sì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wá. Inú mi dùn pé a ó sọ Yorùbá.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. A ò rí orúkọ àwa ará etí odò.”

“Nọ́ńbà ilé yín ńkọ́?”

“Nọ́ńbà wo, sà?”

“Nọ́ńbà tí a kọ sára ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń kọ orúkọ ń tẹ̀lé nọ́ńbà ni. Wọ́n wọ ọkọ̀ kọjá lọ́dọ̀ yín, wọn ò rí nọ́ńbà kankan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ó wà nínú ìkéde. Ṣé ẹ ò ka ìkéde ni?”

Akọ̀wé náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọ̀gá mi ti bi mí bóyá mo dé ibẹ̀ lóòótọ́. Jọ̀ọ́, arábìnrin, má dá kún wàhálà mi. Ilé tí kò bá ní nọ́ńbà, ní ti kánsù, kì í ṣe ilé. Wọn yóò ti ìwé náà pa ní ọjọ́ Ẹtì. A ò ní ráyè wá mọ́, ẹni tó bá ní ẹjọ́ ni kó wá síbí.”

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà.

Mo fa bébà yẹn jáde lára ògiri nígbà tí mo délé. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ní kedere: kí ni nọ́ńbà náà wà fún, ọjọ́ tí àwọn akọ̀wé máa padà wá, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìlà kẹrin ni ó wà. Ìlà mẹ́ta péré ló kù kí n kà nígbà yẹn.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ń to ẹja sórí ààrò. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, “Ohun tó bá ti ọwọ́ ẹni bàjẹ́, ọwọ́ ẹni la fi ń tún un ṣe. Lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mo lù ú. Gbogbo àwọn obìnrin àti àwọn ọkùnrin tó wà nílé wá. Mo dìde, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo sì ka ìkéde náà fún wọn pátá, mo ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà Ìyá Rúùtù sọ̀rọ̀.

“Nítorí náà, a fún ọ ní odindi ẹja, o jẹ orí, o da ara rẹ̀ nù.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

“Owó ilé-ìwé rẹ, ṣé fún ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni bàbá rẹ san án?”

“Ó tó bẹ́ẹ̀, Ìyá Rúùtù,” ni ìyá mi wí. “Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ bu eérú.”

“Mo bù ú. Ẹni tí mo fọkàn tán ló ní kí n bù ú.” Ó yíjú sí mi. “Jókòó. A ò ní pa ọ́. Kí ni akọ̀wé yẹn sọ gan-an? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, má fi tìẹ kún un.”

Mo ní, “Ó ní ilé tí kò bá ní nọ́ńbà kì í ṣe ilé.”

“Kí wọ́n wá kọ òmíràn nígbà náà.”

“Wọn ò ní ráyè wá mọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ ni kó wá sí kánsù.”

Ìyá mi ló wá béèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè iye iyọ̀: “Ṣé ilé ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí ni, àbí ilẹ̀kùn?”

“Ilẹ̀kùn ni, Màmá.”

“Ilẹ̀kùn sì ṣeé gbé.”

Ọjọ́ méjì la fi kó ọkọ̀ tó lè gbé gbogbo wọn jọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní kété tí ilẹ̀ mọ́, a yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lára àgbékọ́, a sì sọ ilẹ̀kùn mẹ́rìndínlógójì kalẹ̀ sínú ọkọ̀. A fi aṣọ ta ẹnu ọ̀nà. Àwọn arúgbó dúró láti ṣọ́ ilé. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń lọ lórí omi, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí a tò sí ìdúró, ó dà bí ìgbà tí àdúgbò kan ń rìn lọ fúnra rẹ̀.

Láti èbúté, orí la fi rù wọ́n. Òjò ń rọ̀ ṣìrìṣìrì, ṣùgbọ́n ẹni tó ru ilẹ̀kùn kò nílò agboòrùn. Àwọn ènìyàn jáde láti wò wá. Obìnrin Urhobo kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Igbudu, tó mọ Ìyá Rúùtù dáadáa, fi ata sílẹ̀ sáré tẹ̀lé wa.

“Mama Ruth, una dey pack? Who drive una?”

“Nobody drive us. Our door wan go greet council.”

“Na only door? House nko?”

“House no sabi waka.”

Ẹ̀rín sọ lójú ọ̀nà. Obìnrin náà bá mi gbé ìdí ilẹ̀kùn tiwa, torí ó wúwo, ó sì ti ń rẹ ìyá mi. Ó bá wa gbé e dé ẹnu ọ̀nà kánsù kó tó padà sídìí ata rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní, ó sì dùn mí.

Ọlọ́pàá méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà inú wọn na ọwọ́.

“Mama, for protest una must get permit. Where am?”

“Protest kẹ̀?” ni Ìyá Rúùtù wí. “Officer, you see anybody wey dey shout?”

Ọlọ́pàá náà wò wá. Ẹnì kankan kò pariwo. A kàn dúró lábẹ́ ilẹ̀kùn wa nínú òjò. Ó wo èkejì rẹ̀, ó sì ṣí ẹnu ọ̀nà.

A fi ilẹ̀kùn ti ara ògiri àgbàlá, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nílé. Ọ̀gá tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ jáde, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ fàro. Ọ̀gá náà béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì ohun tí a fẹ́. Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní àwa ni ará etí odò, a wá kí a lè gba nọ́ńbà.

Ó ní ìwé òun sọ pé kò sí ẹni tó ń gbé etí odò. Ó ní ẹnikẹ́ni lè kó pákó láti ibikíbi wá kó pè é ní ilẹ̀kùn. Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ.

“Ṣé o dé ibẹ̀, àbí o kò dé ibẹ̀?”

Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ kò fèsì. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ní òun dé ibẹ̀, wọn yóò ní níbo ni nọ́ńbà wà. Bó bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ìbáwí kékeré ni yóò gbà. Bí ó bá sì dákẹ́, àwa ti tán.

Ibẹ̀ ni mo ti wo àwọn ilẹ̀kùn náà bí ẹni tí kò rí wọn rí. Mo ti ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà èwe mi. Mi ò rí gbogbo wọn lórí ìlà kan náà rí. Gbogbo wọn dúdú fún èéfín. Ojú ibi tí a ti fi eérú àti iyanrìn ha nìkan ló funfun, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ibi kan náà ló sì wà lára gbogbo wọn, lápá òsì, ní ìwọ̀n àyà ènìyàn, bí ẹni pé ẹnì kan fa okùn kọjá lára gbogbo wọn.

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì tún un sọ ní Yorùbá kí àwọn tiwa lè gbọ́.

“Sà, ọkùnrin yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kọ nọ́ńbà sára gbogbo ilẹ̀kùn wa, kò fo ọ̀kan. Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Mo gba ìkéde yín, mi ò kà á tán, mo sọ fún wọn pé wolé-wolé ni. Ẹ wo ibi tí a ti ha á.”

Ọ̀gá náà rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ó fi ìka tẹ ibi funfun náà. Ó rìn dé ìkejì, ó dé ìkẹta. Ní ilẹ̀kùn tiwa, ó dúró. Òjò ti rin pákó náà, níbi tí ìyá mi kò ti ha á jinlẹ̀, torí ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ni, ọ̀dà tó ti wọ inú igi hàn fẹ́ẹ́rẹ́. Mẹ́tàdínlógún.

Ìyá mi kúnlẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ na ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ̀wé sí i.”

Ọwọ́ òsì ló nà. Ó bọ́ sí ojú ibi funfun náà gẹ́lẹ́.

Ìgbà náà ni ó mú ìwé kékeré kan jáde látinú àpò àyà rẹ̀. “Mo dé ibẹ̀, sà,” ni ó wí. “Ilé mẹ́rìndínlógójì ni mo kọ. Ó wà níbí. Mo kàn ń bẹ̀rù pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́ ni.” Ọ̀gá náà gba ìwé náà, ó fi ìka ka àwọn ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún wọn kà. Lẹ́yìn náà, ó wò mí.

“Tí mo bá tún fi ìkéde ránṣẹ́ sí ọ,” ni ó wí, “wàá kà á dé ibo?”

“Títí dé ibi tí wọ́n fọwọ́ sí i, sà.”

Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì síta sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí Ọdúbánjọ gbé ọ̀dà rẹ̀ wá. Mo ti sunkún díẹ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì sunkún ìfọkànbalẹ̀ bíi ti ọjọ́ yẹn rí. Ìyá Rúùtù fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Nu ojú rẹ. Lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n má baà ṣi orúkọ wa kọ.” Ọ̀rọ̀ tó fi dárí jì mí nìyẹn, kò sọ òmíràn.

Wọ́n kọ orúkọ títí di aago mẹ́rin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn, wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé. Nígbà tí a délé, tí a há àwọn ilẹ̀kùn padà, kò sí ẹni tó tún jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá wo ohun tí a rí àti ohun tí a pàdánù. Ọ̀gá ilé-ìwé wọlé. Ìbò tó fi ju oníṣòwò gẹdú lọ kò tó iye ilẹ̀kùn tí a rù lọ. Ẹnì kankan kò wó ilé wa. Kánsù tilẹ̀ fa omi ẹ̀rọ dé èbúté fún wa. Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Títí tí wọ́n fi gbé e kúrò ní Warri, kò kọjá lọ́dọ̀ wa láìyà jẹ ẹja.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin mọ́kànlá wà lójú omi ní ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi àti ọmọ Ìyá Rúùtù wà lára wọn. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n padà dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwé ti tì. Wọn kò dìbò. Bàbá mi ní kò burú, òun yóò dì í nígbà mìíràn. Kí ìgbà mìíràn tó dé, àwọn ológun ti gba ìjọba, bàbá mi sì kú láìtẹ̀ka síwájú àpótí ìbò kankan. Gbèsè yẹn wà lọ́rùn mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè san án, àfi kí n máa sọ ọ́. Mo sì tún gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ ayálégbé ní Igbudu ni orúkọ wọn kò sí nínú ìwé náà, wọn kò sì ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè rù. Onílé ló ni ín. Ta ni ó sọ̀rọ̀ fún wọn? Àwa kò sọ ọ́.

Odò náà ti yí padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ṣí kúrò níbẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, fúnra wa, nítorí òpó ń jẹrà, àwọn ọmọ sì ń fẹ́ iná mànàmáná. Ẹnì kankan kò lé wa kúrò níbẹ̀. Ó ṣe pàtàkì sí mi pé kí ẹ mọ ìyẹn.

Ilẹ̀kùn ìyá mi wà lára yàrá mi báyìí, ní Ekurede-Urhobo. Káfíńtà gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ kó lè bá ẹnu ọ̀nà mu. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pídíjìn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fẹ́ fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun gbogbo ilé nítorí Kérésìmesì.

“Mama, dis door don old. Make I paint am?”

“Kun ògiri,” ni mo sọ fún un. “Kun fèrèsé. Tí o bá dé ara ilẹ̀kùn yẹn, dúró.”

Ó dúró. Bí òjò bá rọ̀ tí atẹ́gùn sì fẹ́ ẹ síhà ọ̀dọ̀ wa, tí pákó náà rin, nọ́ńbà méjì ṣì máa ń hàn lórí ara wọn lápá òsì: èyí tí a fọ̀, àti èyí tí a gbà padà.